Orí Kẹfà: Báwo Ni Gbólóhùn Ṣe Ń Fi Ìdáhùn Ara Rẹ̀ Pamọ́?

Ẹ ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú:

"African flower's reign disrupted" (5)

Bí a bá kà á bí a ṣe ń ka ìròyìn, ohun tó sọ kò le: òdòdó kan ní Áfíríkà wà lórí ìtẹ́, nǹkan kan sì dé tó da ìjọba rẹ̀ rú. Nọ́ńbà inú àkámọ́ ń sọ fún wa pé lẹ́tà 5 ni ìdáhùn ní. Ẹni tí kò bá irú eré yìí pàdé rí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi sú u. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ NIGER, ìyẹn Odò Ọya, á sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ìdáhùn mìíràn tó lè wọ ibẹ̀.

Ibo ni odò gbà wọ ọ̀rọ̀ òdòdó? Kí ló sì fi ọkàn ẹni náà balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó lè sọ fún un pé ó gbà á? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú orí yìí nìyẹn. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, nítorí pé bí a bá mọ ibi tí gbólóhùn yìí ti ń tan ojú wa, a ó mọ bí ọpọlọ wa ṣe ń kàwé lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé a fura.

Crossword ni orúkọ eré náà lápapọ̀. Wọ́n á to àpótí kéékèèké sí ara wọn lórí bébà, ẹni tó ń ṣe eré náà á sì máa fi lẹ́tà kan sínú àpótí kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan lọ ní ìbú, àwọn mìíràn lọ ní òòró, wọ́n sì ń jọ lo lẹ́tà níbi tí wọ́n bá ti pàdé. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní New York, ló ṣe èyí tí a kà sí àkọ́kọ́. Ó jáde nínú New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Ìtumọ̀ lásán ni irú ti Wynne ń béèrè: wọ́n á ní "olú ìlú Ghana", ẹ ó kọ Accra. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á lọ wo ìwé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ní ọdún 1926, akéwì kan tó tún jẹ́ atúmọ̀ ewì, Edward Powys Mathers, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe crossword fún The Observer. Orúkọ tó fi bojú ni Torquemada, orúkọ ọkùnrin tó ṣe olórí àwọn tó ń dá ènìyàn lóró nítorí ẹ̀sìn ní Spéìn àtijọ́. Kò fi ìtumọ̀ lásán sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló ní awo nínú. Nígbà tí The Times ti London gbé crossword tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1930, àṣà yìí ti ń ta gbòǹgbò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní cryptic crossword. Crossword aládììtú ni èmi á máa pè é.

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀, àlọ́ ni màá pè é, màá sì pe ẹni tó hun ún ní apàlọ́, nítorí pé àlọ́ àpamọ̀ ló sún mọ́ ọn jù lọ nínú ohun tí a bá nílé. Méjèèjì ló ń fi ohun kan bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn, orí ìyàtọ̀ náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí àgbà bá pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé, ẹnu àgbà náà ni ìdájọ́ wà. Ọmọ kan lè mú ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání wá, kí wọ́n sì sọ fún un pé òun kọ́. Crossword aládììtú kò ní àgbà tó jókòó tì í. Àlọ́ kọ̀ọ̀kan ló gbé ẹ̀rí tirẹ̀ dání: ó ń ṣàpèjúwe ìdáhùn kan náà lẹ́ẹ̀méjì, ní ọ̀nà méjì tí kò bá ara wọn tan, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kìíní ni apá ìtumọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni apá yìí ń sọ, bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe máa sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba ẹ̀yìnkùlé sọ ọ́. Ọ̀nà kejì ni apá iṣẹ́. Apá yìí kò bìkítà nípa ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí a ṣe máa kó lẹ́tà rẹ̀ jọ ló ń sọ: kó àwọn wọ̀nyí, dà wọ́n rú, ti èyí bọ inú tọ̀hún, ka èyí láti ẹ̀yìn. Apá ìtumọ̀ kì í sí láàárín gbólóhùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń wà, tàbí ìparí, apá iṣẹ́ á sì gba ìyókù. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kékeré kan á so wọ́n pọ̀, irú èyí tó túmọ̀ sí "ni" tàbí "di". Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Apàlọ́ tó mọṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òdòdó wa. Apá ìtumọ̀ ni "African flower". Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fi "er" sí ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe, ó di olùṣe nǹkan náà, bí àwa náà ṣe ń fi "a" síwájú "kọ̀wé" kó lè di "akọ̀wé". "Flow" ni kí omi máa ṣàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lè ka "flower" sí ohun tó ń ṣàn, ohun tó ń ṣàn ní Áfíríkà sì ni odò. Ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè kò kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin èdè náà kò kọ̀ ọ́.

A ti mọ̀ pé odò ni wọ́n ń béèrè. Odò wo? Ibi tó yẹ kí ọkàn wa dàrú gan-an nìyí, torí pé Niger ní lẹ́tà 5, Benue ní lẹ́tà 5, Congo ní lẹ́tà 5, Volta náà ní lẹ́tà 5. Odò Áfíríkà ni gbogbo wọn. Ká ní ìtumọ̀ nìkan ni wọ́n fún wa ni, a ó kàn máa méfò ni. Àsìkò yìí ni apá iṣẹ́ wọlé: "reign disrupted". Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "tí a dà rú" ni "disrupted". Màá pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣẹ, torí pé ṣe ló ń pàṣẹ ohun tí a máa fi lẹ́tà ṣe. Àwọn lẹ́tà tó ń pàṣẹ lé lórí ni R, E, I, G, N. Ẹ dà wọ́n rú, ẹ tún wọn tò: N, I, G, E, R. Benue kò lè jáde nínú lẹ́tà wọ̀nyí. Congo kò lè jáde, bẹ́ẹ̀ ni Volta. Ọ̀nà tó gba inú ìtumọ̀ wá àti ọ̀nà tó gba inú lẹ́tà wá pàdé ní ibì kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó já àlọ́ yìí kò fi nílò kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ sí i.

Láti inú èyí ni mo ti gbà pé àlàyé jẹ́ ara jíjá àlọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ NIGER nítorí pé lẹ́tà N ti wà nínú àpótí tẹ́lẹ̀, tí kò sì lè sọ ohun tí "reign" ń wá níbẹ̀, kò tíì já a. Ó ti kún àpótí ni. Inú mi máa ń dùn sí ẹni tó bá ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ síbẹ̀ tó ṣì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: ọ̀rọ̀ yìí ńkọ́, kí ló ń ṣe níbí?

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ní irú ìṣòdodo yìí. Torquemada lè fi ẹsẹ̀ ìtàn kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe apá kan àlọ́ rẹ̀, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè rìn ín. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló fi òfin lélẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Alistair Ferguson Ritchie, tó ń fi orúkọ Afrit bojú. Bí ẹ bá wo orúkọ rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí Afrit níbẹ̀: A, F, Rit. Nínú ìwé tó ṣe ní 1949 ló ti là á mọ́lẹ̀ pé apàlọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ní lọ́kàn bá wà nínú ohun tó sọ. Èkejì ni Derrick Somerset Macnutt, olùkọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì, tó gba àyè Torquemada ní The Observer lẹ́yìn tí onítọ̀hún kú ní 1939. Ximenes ni orúkọ tirẹ̀, orúkọ olórí ìfìyàjẹni mìíràn ní Spéìn. Ìwé tó kọ ní 1966 lórí iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ apàlọ́ ṣì ń tọ́ka sí. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní 1972 mú Deza, olórí ìfìyàjẹni mìíràn, ó yí orúkọ náà sẹ́yìn, ó sì di Azed. Ẹ rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò lè mú orúkọ lásán.

Àwọn kan wà tí wọ́n ka òfin Ximenes sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. John Graham, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó ń ṣe crossword The Guardian lábẹ́ orúkọ Araucaria, máa ń fo odi òfin nígbà tó bá rí i pé ẹwà wà ní òdì kejì, àwọn òǹkàwé sì fẹ́ràn rẹ̀ fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, inú crossword ló ti sọ fún wọn pé òun ní àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn tó já àwọn àlọ́ náà ló kọ́kọ́ kà á, ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún un tó, ẹ̀yìn Ximenes ni mo wà. Ẹni tó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ, tó sì fẹ́ kí ẹni náà dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lẹ́yìn rẹ̀, gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣòdodo sí i.

Dída lẹ́tà rú ni ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ẹ wo èyí: "Lagos lowland is partly sluggish" (4). Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń ráhùn pé ibì kan ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Èkó kì í tètè lọ síwájú. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ibẹ̀ ni "partly", tó ń sọ pé apá kan nìkan ni ká mú. Ẹ mú S tó parí Lagos, ẹ fi LOW tó bẹ̀rẹ̀ lowland kún un, SLOW dé, "sluggish" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí kò yá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdáhùn ti wà níwájú wa, lẹ́tà kan kò sí nípò tí kò yẹ. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ló ṣíji bò ó.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí màá pè ní ìgbémì, torí pé ọ̀rọ̀ kan á la ẹnu, á gbé òmíràn mì. "Pet swallowing that man? What a swindler!" (5). Ní òréfèé, ẹran ọ̀sìn kan ń gbé ọkùnrin mì, ẹnì kan sì ń pariwo pé oníjìbìtì ni. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ẹran ọ̀sìn wo? CAT, ológbò. "That man" ńkọ́? HE. Kí ológbò gbé "he" mì: C, lẹ́yìn náà HE, lẹ́yìn náà AT. CHEAT ni, ìyẹn oníjìbìtì. Àlọ́ yìí ti gòkè ju ti Lagos lọ ní ìpele kan, torí pé apàlọ́ kò kọ ohun tí a máa tò sílẹ̀ fún wa. A ní láti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè dípò rẹ̀, kí a tó mọ lẹ́tà tí a fẹ́ ti bọ inú ara wọn. Ẹ wo bí "swallowing" ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì: nínú ìtàn, ẹranko ló ń jẹun, nínú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ló ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀.

Bí wọn kò bá gbé ara wọn mì, wọ́n lè tò tẹ̀ léra. "Friend with top card finds king's home" (6): ọ̀rẹ́ ni PAL, káàdì tó ga jù ni ACE, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ ti dé ààfin, PALACE. Ọ̀rọ̀ sì lè jẹ́ ti etí. "Warrior in darkness, we hear" (6): òkùnkùn ni "night", bí a bá pè é sétí ó jọ KNIGHT, jagunjagun ayé àtijọ́. "We hear" ló sọ fún wa pé ohùn ni ká tẹ̀ lé, kì í ṣe lẹ́tà.

Àwọn apàlọ́ tún ní àpò ẹyọ lẹ́tà tí gbogbo wọn jọ ń ná. Dókítà lè di DR tàbí MO. Òṣìṣẹ́ lè di ANT tàbí BEE, torí pé èèrà àti oyin kì í sinmi. Ìfẹ́ di O, nítorí pé nínú eré tẹ́níìsì "love" ni wọ́n ń pe òdo. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ di P, ariwo di F, láti inú àmì tí wọ́n fi ń kọ orin. Àádọ́ta di L, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di D, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ eré yìí á kọ́ wọn bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ orúkọ irinṣẹ́. Kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀ ju pé kó pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mímọ gbogbo èyí kò tó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pàápàá ṣì máa ń kọ́kọ́ rí òdòdó nínú "flower" kí wọ́n tó rí odò. Kí ló fà á?

Ní ọdún 1935, John Ridley Stroop ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ìdánwò kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé. Ẹ fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ "pupa", ẹ fi yíǹkì pupa kọ "dúdú", ẹ wá ní kí ẹnì kan sọ àwọ̀ yíǹkì, kó má sọ ohun tí a kọ. Á máa ṣe wọ́ọ́wọ́ọ́. Kò fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti kà á kó tó mọ̀ pé òun ń kà á. Ọpọlọ ẹni tó ti mọ̀wé kà kì í dúró gba àṣẹ kó tó kàwé. Ó tún ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ kan ló ń so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, tó ń mú ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń ti àwọn ìtumọ̀ yòókù sẹ́yìn. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí. Láìsí i, a kò ní lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa yára tó bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ̀bùn yìí gan-an ni apàlọ́ ń lò láti fi mú wa.

Ẹ wo àlọ́ ọlọ́rọ̀ márùn-ún yìí: "Quick to go without food" (4). Bí a bá kà á, ojú wa á rí ẹni tó ń yára fi ebi pa ara rẹ̀. "Quick to" ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ọpọlọ ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọ́n sábà máa ń rìn pọ̀. Oríkèé gbólóhùn náà kò sí níbi tí a rò; àárín àwọn ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an ló wà. Ìtumọ̀ kan ni "quick", ohun tó yára. Ìtumọ̀ kejì ni "to go without food", kí ènìyàn gbààwẹ̀. FAST ni méjèèjì. Kò sí lẹ́tà tí a dà rú, kò sí ìgbémì, ìtumọ̀ méjì ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ohun tó le nínú rẹ̀ kò ju pé ká gé e níbi tí ọpọlọ wa kò fẹ́ kí a gé e.

Iṣẹ́ ẹni tó ń já àlọ́, nígbà náà, ni kó tú ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ti so. Ó máa ń ṣe é báyìí: á ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, á gbádùn ìtàn rẹ̀, á sì jù ú nù. Kò ní ka àmì ìdánudúró sí, torí pé apàlọ́ lè fi wọ́n síbi tó bá wù ú. Á wo orí àti ìdí gbólóhùn, á bi ara rẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì ló lè jẹ́ ìtumọ̀. Á wá ọ̀rọ̀ àṣẹ: ohun tó bàjẹ́, tó ń jó, tó mutí yó, tó wó, gbogbo wọn ló lè pàṣẹ ìdàrú; ohun tó dì mọ́ nǹkan tàbí tó yí i ká lè pàṣẹ ìgbémì. Bó bá rí àṣẹ ìdàrú, á ka lẹ́tà àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá iye wọn bá nọ́ńbà inú àkámọ́ mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, á fi í sílẹ̀ lọ sí òmíràn, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá rí yóò fi lẹ́tà kan ta á lọ́rẹ nínú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kathryn Friedlander àti Philip Fine, ní Yunifásítì Buckingham, ti ṣe ìwádìí lórí àwọn tó mọ eré yìí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni lè rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ló máa pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ti ìdí ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà wá ló pọ̀ láàárín àwọn ọ̀gá. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò ti mọ́ wíwo àmì láìjẹ́ kí ìtàn tó wà lára àmì náà gbé e lọ. "Reign" lójú rẹ̀ kò ju lẹ́tà márùn-ún lọ títí yóò fi ní ìdí láti rò bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tún rí i pé ohun tó ń fa àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà sídìí eré náà jù lọ ni ìṣẹ́jú-àáyá tí ohun tó ṣókùnkùn bá là lójijì.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ìwúlò irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìwádìí kankan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, The Daily Telegraph ṣe ìdíje fún àwọn tó bá lè parí crossword rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 12. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà dé ọwọ́ àwọn kan nínú àwọn tó kópa, pé kí wọ́n wá rí àwọn ológun lórí ọ̀rọ̀ pàtàkì tó kan orílẹ̀-èdè. Bletchley Park ni ọ̀rọ̀ náà já sí, ibi tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ ogun Jámánì. Iṣẹ́ ibẹ̀ àti eré yìí jọra ní ohun kan: ẹni tó ń tú àṣírí á méfò pé ọ̀rọ̀ báyìí ló wà níbí, á sì lọ dán an wò bóyá ìyókù lẹ́tà yóò gbà fún un. Bí wọn kò bá gbà, á jù ú nù láìbínú.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí ọmọ Yorùbá kan kò ní ṣàì bi mí: ǹjẹ́ a lè pa irú àlọ́ yìí ní èdè wa? Mo gbà pé a lè pa á, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán èyí wò:

"Ẹ̀wà tí a dá padà di àìjẹun" (3)

Ní òréfèé, ẹnì kan kọ oúnjẹ, ebi sì pa á. "Àìjẹun" ni apá ìtumọ̀, ìparí ló wà. "Di" ni ọ̀rọ̀ kékeré tó so apá méjèèjì. "Tí a dá padà" ni ọ̀rọ̀ àṣẹ: ká ka ẹ̀wà láti ẹ̀yìn wá. À, w, ẹ̀. Àwẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní ààwẹ̀. Kò sí lẹ́tà tó ṣẹ́kù, àmì ohùn pàápàá bá ara wọn mu.

Àmì ohùn yìí ni ìpinnu tó le jù tí a ní láti ṣe. Ṣé kí a bọ́ ọ sílẹ̀ nínú àpótí, bí àwọn Faransé ṣe ń bọ́ àmì orí lẹ́tà sílẹ̀ nínú crossword tiwọn, àbí kí a fi í síbẹ̀? Bí a bá bọ́ ọ, àlọ́ á rọrùn láti pa, ọ̀rọ̀ púpọ̀ á sì máa jọra. Ìpinnu nípa "gb" wà níbẹ̀ náà, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, tó yẹ kó gba àpótí kan ṣoṣo. Ní tèmi, kí àmì ohùn dúró, torí pé ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò sí ohun tó ń ṣe é nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo àlọ́ yìí:

"Kò kó irè oko" (4)

Ẹnì kan fi ìkórè sílẹ̀ lóko, bó ṣe rí lójú nìyẹn. Ṣùgbọ́n "irè oko" ni ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ méjì tó ṣáájú ni iṣẹ́, kò sì sí àṣẹ kankan ju pé kí a pa àlàfo àárín wọn rẹ́. K, o, k, o. Bí a bá bọ́ àmì ohùn kúrò, irè oko méjì ló ní lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí: kòkó tí wọ́n ń sá sóòrùn tí wọ́n sì ń tà fún àwọn tó ń fi ṣe ṣokoléètì, àti kókò tí a ń sè jẹ bí iṣu. Ìtumọ̀ gba àwọn méjèèjì wọlé. Àmì ìsàlẹ̀ tó wà lórí "kò" àti àmì òkè tó wà lórí "kó" ló ti kókò síta, kòkó nìkan ló sì kù nínú àpótí.